Ẹ Yé Dá Ọjọ́ Orí Máṣìnì Lẹ́bi, Bíréèkì Ni Kí Ẹ Wò

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ìsọ̀, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀ gbígbá. Ọ̀rọ̀ máṣìnì ni, àwọn ọ̀kadà tó ń gbé wa àti ẹrù wa.

Ìmọ̀ràn kan ń lọ káàkiri ìsọ̀ báyìí, ó sì ti dé orí tábìlì ẹgbẹ́. Àwọn kan ní kí á ṣe òfin pé máṣìnì àtijọ́ kankan kò gbọdọ̀ gbé ọlọ́jà tàbí ẹrù wọ ẹnu géètì mọ́. Àwọn AX100 tó ń rú èéfín yẹn ni wọ́n ń bá wí, ì báà ṣe Suzuki, ì báà ṣe Jincheng. Wọ́n ní tuntun nìkan ni kó máa wọlé, kí ẹni tó ń gùn ún sì mú ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ lọ́wọ́. Wọ́n ní ìyẹn ni yóò dín jàǹbá kù.

Àwa kò fara mọ́ ọn, a ò sì ní fi abẹ́ ahọ́n sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti ń dunni. Gbogbo wa la mọ̀ nípa màmá elélùbọ́ tó ṣubú ní ìsàlẹ̀ òkè nígbà òjò tó kọjá. Egungun itan rẹ̀ ló kán. Oṣù mẹ́ta ló fi wà nílé, àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń bá a pàtẹ, gbèsè sì ti wọ ọ̀rọ̀ náà. Ṣé máṣìnì àtijọ́ ló gbé e ṣubú? Rárá o! Máṣìnì náà kò tíì pé ọdún kan. Ọ̀rá ṣì wà lára síìtì rẹ̀. Ìwé rẹ̀ pé pérépéré, a fi ojú ara wa rí i. Ṣùgbọ́n wáyà bíréèkì iwájú ti já, wọ́n kàn so ó mọ́ apá kan kó má baà máa fò kiri ni. Ṣùù bíréèkì ẹ̀yìn ti jẹ tán nítorí ẹrù tí wọ́n ń dì lé e lójoojúmọ́. Nígbà tí ó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè pẹ̀lú àpò èlùbọ́ méjì, kí ni ìwé fẹ́ ṣe? Ìwé ò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi tẹ bíréèkì.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń bínú sí ọ̀rọ̀ ìwé yìí. Kì í ṣe pé àyẹ̀wò kò dára. Àyẹ̀wò dára, kódà òun gan-an la fẹ́. Ohun tí a kò fẹ́ ni ìwé tí máṣìnì kò bá lọ gbà. Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: agbódegbà á gba owó, á gba nọ́ńbà, ó di ìrọ̀lẹ́ ìwé ti dé, máṣìnì sì wà ní ibi iṣẹ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ta ló wo táyà rẹ̀? Ta ló tan iná rẹ̀ wò? Kódà èyí tí wọ́n yẹ̀ wò tinútinú, ọjọ́ tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ni ìwé náà ń jẹ́rìí sí. Ṣùù bíréèkì tó dára lónìí lè jẹ tán kí oṣù méjì tó pé, pàápàá lórí máṣìnì tó ń gbé gààrí láti oko.

Ẹ wá jẹ́ ká gbọ́ ti máṣìnì àtijọ́ tí wọ́n fẹ́ lé lọ. Kí ló dé tí AX100 kò kú títí di òní? Two-stroke ni ẹ́ńjìnì rẹ̀, bíi 100cc. Kò ní kamuṣáàfù, kò sì ní fáàfù tí mẹkáníìkì ní láti máa wọn bíi ti àwọn four-stroke ìsinsìnyí. Ohun tó ń yí nínú rẹ̀ kò pọ̀: písítìn, apá tó so ó mọ́ kiránkì, àti kiránkì fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mẹkáníìkì abẹ́ igi fi lè tú u, kó fi ríńgì tuntun sí i, kó sì dì í padà lọ́jọ́ kan náà. Jincheng tí wọ́n ń ṣe ní Ṣáínà, iṣẹ́ Suzuki yìí náà ló tẹ̀ lé, nítorí náà ẹ̀yà ara wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan. Ẹ bi àwọn tó ń lọ sí oko ìlú kéékèèké tí mọ́tò kì í dé. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ, ohun tó bá bàjẹ́ lára rẹ̀ ni wọ́n lè tún ṣe níbi tó bàjẹ́ sí.

Tòmátì kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá lé àwọn máṣìnì wọ̀nyẹn ní géètì lọ́jọ́ kan, ta ni yóò lọ kó o? Láti ìgbà tí ìjọba ti kéde ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, jálá epo tí à ń rà ní owó tí kò tó 200 náírà fò kọjá 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Owó máṣìnì tuntun náà kò dúró sójú kan. Ọmọkùnrin tó ń fi AX100 bọ́ ìyàwó àti ọmọ, níbo ló ti fẹ́ rí owó tuntun? Yóò yá a ni. Tó bá sì ti yá a, yóò máa sáré kó lè dá owó náà padà, yóò sì máa di ẹrù mẹ́ta níbi tó yẹ kó di ọ̀kan. Ẹ̀yìn ẹni tó ń sáré san gbèsè ni ẹ fẹ́ jókòó sí?

A kò sọ pé máṣìnì yẹn kò ní àléébù o. Ó ní, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni purọ́ fún yín. Two-stroke máa ń jó ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo, èéfín rẹ̀ kò dára fún ẹni tó jókòó ti àgbá ẹja dídín láti òwúrọ̀. Ó tún ń mu epo ju four-stroke lọ. Bí ọ́ìlì rẹ̀ bá sì tán, tàbí tí ẹni tó ni ín ń ṣahun sí i, písítìn lè há mọ́ inú ẹ́ńjìnì lójijì, kí táyà ẹ̀yìn dúró gbagidi lórí ìrìn. Ìyẹn léwu gan-an. Nítorí náà, ọlọ́kadà tó bá ní òun ò ra ọ́ìlì nítorí owó wọ́n, kò yẹ kí ọlọ́jà kankan gùn ún, ì báà jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n yín. Ní ti èéfín, kí wọ́n pa ẹ́ńjìnì ní ẹnu géètì kí wọ́n sì tì í wọlé. Ṣé ìyẹn le ni?

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń mú ni ṣubú, ẹ ó rí i pé kò mọ tuntun yàtọ̀ sí àtijọ́. Bíréèkì tó ti jẹ. Táyà tó ti dán bí orí ẹni tó fárí. Ṣéènì tó ti fẹ̀ títí tó fi ń fò. Iná tí kò tàn nígbà tí à ń bọ̀ láti ọjà ní ìrọ̀lẹ́. Gbogbo ìwọ̀nyí, nǹkan tó ń jẹ ni, nǹkan tí wọ́n sì ń pààrọ̀ ni. Máṣìnì ọdún 20 tí wọ́n pààrọ̀ wọn lára rẹ̀ yóò dúró nígbà tí ẹ bá ní kó dúró. Ti ọdún kan tí wọn kò fọwọ́ kàn kò ní dúró.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní ìlú Ọba sọ fún wa pé lọ́hùn-ún, tí alùpùpù bá ti pé ọdún 3, dandan ni kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún. Bíréèkì, táyà, iná, họ́ọ̀nù, ọwọ́ tí wọ́n fi ń tọ́ ọ, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń wò. Èyí tó bá yẹ, ó yẹ. Wọn kì í sọ pé ìwọ ti darúgbó, máa lọ sílé. Kódà láti oṣù karùn-ún ọdún 2018, èyí tó ti lé ní 40 ọdún tí wọn kò sì yí padà kọjá ààlà, wọn kò fi àyẹ̀wò náà ṣe dandan fún un mọ́. Àwa ò ní kí á bá wọn dé ibẹ̀ o, torí títì wọn kì í ṣe títì wa. Ohun tí a ń sọ ni pé ọjọ́ orí nìkan kì í dá nǹkan lẹ́bi.

Nílé níbí, a ti rí òfin tó wo ibòmíràn. Ẹ rántí oṣù kìíní ọdún 2009, nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ní dandan ni kí olùgùn àti èrò dé àṣíborí. Kí làwọn kan ṣe? Wọ́n dé igbá! Àwọn mìíràn dé agolo ọ̀dà. Gbogbo ayé ló rẹ́rìn-ín. Ẹni tó dé igbá, ọwọ́ òfin ló ń sá fún, kò ro ti orí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni yóò rí tí a bá ní kí wọ́n fi ìwé hàn ní géètì. Ìwé ni wọn yóò máa mú wá. Ní Èkó, nígbà tí wọ́n fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ 6 ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ọdún 2022, wọn ò tilẹ̀ wo tuntun, wọn ò wo àtijọ́, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kó pọ̀. Èkó ní bọ́ọ̀sì, ó ní kẹ̀kẹ́. Ọ̀nà oko tiwa ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ ẹrù náà wà níbẹ̀, a ò sì ní fò ó. Ènìyàn méjì ni wọ́n ṣe máṣìnì 100cc fún, olùgùn àti èrò kan. Àpò ìrẹsì kan, kílò 50 ni. Tí ẹ bá jókòó, tí ẹ gbé àpò kan síwájú, tí ẹ tún so òmíràn mọ́ ẹ̀yìn, bíréèkì tí wọ́n ṣe fún ẹni méjì ni ẹ ń fi dá bí ẹni mẹ́rin dúró. Ẹ tún gbọ́ èyí: tí eré bá di ìlọ́po méjì, ibi tí máṣìnì yóò yún kó tó dúró lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tẹ bíréèkì á di ìlọ́po mẹ́rin. Nítorí náà ẹ yé sọ fún ọlọ́kadà pé “yára, ọjà ti kún.” Àwọn kan láàárín ọjà yìí ló ń sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n mọ ara wọn.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó mú ìmọ̀ràn yìí wá kò dárúkọ rárá, ìyẹn ayédèrú ẹ̀yà ara. Ṣùù bíréèkì tó ń ṣí kúrò lára irin rẹ̀, wáyà tó ń já bí òwú, wọ́n ń tà á nínú ọjà, páálí rẹ̀ sì dára ju ti ojúlówó lọ. Bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ lé nǹkan kan kúrò ní ọjà yìí, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń ta ẹ̀yà máṣìnì lápá ẹ̀yìn, ọmọ ẹgbẹ́ ni wọ́n, a ó wá bá yín, ẹ má bínú.

Nítorí náà, ohun tí a fi síwájú ìgbìmọ̀ nìyí. Láti ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, mẹkáníìkì méjì yóò máa wà lábẹ́ igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, láti aago 6 àárọ̀ títí di aago 9. Máṣìnì yòówù, tuntun tàbí àtijọ́, wọn yóò gbé táyà rẹ̀ sókè, wọn yóò yí i, wọn yóò fa bíréèkì iwájú, wọn yóò tẹ ti ẹ̀yìn, wọn yóò tan iná, wọn yóò wo ṣéènì àti ọ́ìlì. Kò ní gbà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Èyí tó bá yẹ, wọn yóò fi ọ̀dà funfun sàmì sí mọ́gáàdì rẹ̀. Àmì náà kò ní pẹ́ ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ, àwọ̀ mìíràn ni a ó tún lò lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tí kò bá yẹ, kí olúwarẹ̀ lọ tún un ṣe kó tó gbé ọlọ́jà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ọlọ́kadà nítorí àmì yìí. Àpò ẹgbẹ́ ni a ó ti san owó mẹkáníìkì, ìyẹn sì ni pé owó ìpàdé oṣù yìí kò gbọdọ̀ yẹ̀.

Ẹ sọ fún àwọn ọlọ́kadà yín láti ìsinsìnyí. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ lòdì sí èyí, àyè wà fún un. Kó wá sọ ọ́ ní ìpàdé ọjọ́ Ẹtì, lójú gbogbo wa, kó má sọ ọ́ ní ìsọ̀ elépo. Màmá elélùbọ́ ti ní òun ń bọ̀, wọn yóò gbé àga sílẹ̀ fún un.

Àwa ni,
Akọ̀wé, ní orúkọ Ìgbìmọ̀ Ẹgbẹ́.