Ilé Kùsà

Àrùn kan ń ṣe àwa Yorùbá tí a kàwé. Bí a bá ti rí ọ̀rọ̀ kan, a ó gé e sí wẹ́wẹ́, a ó sì fi agídí wá ìtumọ̀ fún ègé kọ̀ọ̀kan, kí a lè sọ pé ilé wa ni a ti bí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ọ̀bẹ yìí dé ọrùn “kùsà” tí ó wà nínú “ìwakùsà”.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilé kùsà sì ni òkè Jos. “Kuza” ni Haúsá ń pe irin funfun tí wọ́n fi ń bo agolo kí ó má baà dípẹtà. Èdè wa kò ní “z”: bí “zakat” ṣe di sàká lẹ́nu wa ni “kuza” ṣe di kùsà.

Ta ni ó gbé e wálé? Nígbà tí òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í wa irin yìí ní Jos lẹ́yìn ọdún 1900, àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ wà lára àwọn Yorùbá tí ó tẹ̀ lé iṣẹ́ àti òwò lọ síbẹ̀. Ẹnu irú wọn ni ó yẹ kí a wò, kì í ṣe ẹnu ẹni tí ó jókòó sílé.

Ẹlòmíràn yóò ní èyí tàbùkù wa. Àbùkù wo? Ní ọdún 1904, Bellamy kọ̀wé nípa iléru tí wọ́n ti ń yọ́ irin ní Ola-Igbi, lẹ́bàá Ọ̀yọ́. Irin, owú, ẹwìrì: a kò yá ọ̀kankan nínú wọn lọ́wọ́ Haúsá. Ẹni tí ó ní ẹwìrì nílé kò gbọdọ̀ tijú láti yá kùsà. Àwọn ará Denmark ń pe òkúta kan tí wọ́n wà ní Greenland ní “kryolit”. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì ni, òkúta yìnyín ni ìtumọ̀ rẹ̀, wọn kò sì sọ pé àwọn ni ó bí i.

Lónìí, ẹni tí ń wa mábù ní Ìgbẹ́tì, awakùsà ni à ń pè é. A ti tọ́ ọ̀rọ̀ náà dàgbà. Ó ti di tiwa. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gé e sí “kù” àti “sà” ti pa ojú ẹsẹ̀ àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ rẹ́ lójú ọ̀nà Jos.