ÌGBÀ WO NI IṢẸ́ ÌLÚ YẸ KÓ DÍPÒ Ẹ̀WỌ̀N?

Bí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì bá jà ní ọjà, tí wọ́n da igbá ọlọ́jà nù, adájọ́ lè ní kí wọ́n san owó ìtanràn tàbí kí wọ́n lọ sẹ́wọ̀n. Ọmọ olówó á sanwó, á sùn sílé lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọmọ tálákà á wọ ẹ̀wọ̀n. Ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni. Àpò bàbá wọn ló yà wọ́n sọ́tọ̀.

Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tí ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà ṣe ní 2015 ti la ọ̀nà mìíràn. Abala 460 gba adájọ́ láàyè láti ní kí ẹlẹ́bi ṣiṣẹ́ fún ìlú, bíi gígé koríko tàbí kíkó gọ́tà. Kò gbọdọ̀ ju oṣù 6 lọ, kò sì gbọdọ̀ ju wákàtí 5 lọ lóòjọ́. Kò sí fún ẹni tó lo ohun ìjà, ẹni tó jẹ̀bi ẹ̀sùn ìbálòpọ̀, tàbí ẹni tí ẹ̀wọ̀n ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ju ọdún 3 lọ.

Ní tèmi, ohun mẹ́ta ni kí adájọ́ wò.

Èkíní, ṣé ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ nìyí? Àgùntàn tó bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́. Ẹni tí a sọ sáàárín àwọn ògbólógbòó á kọ́ṣẹ́ wọn bọ̀.

Èkejì, ṣé ẹni tí a ṣẹ̀ ti gba ẹ̀tọ́ rẹ̀? Kí wọ́n kọ́kọ́ san owó ọjà tó dànù. Gbígbá títì kò lè dípò ẹ̀tọ́ ọlọ́jà.

Ẹ̀kẹta, ṣé iṣẹ́ náà bá ẹ̀ṣẹ̀ mu? Ní oṣù kẹrin 2020, kóòtù májísíréètì kan ní Èkó dá òṣèré kan àti ọkọ rẹ̀ lẹ́bi nítorí àpèjẹ tí wọ́n ṣe nígbà kónílé-ó-gbélé kòrónà. Yàtọ̀ sí owó ìtanràn, wọ́n fún wọn ní iṣẹ́ ìlú ọjọ́ 14, wákàtí 3 lóòjọ́, kí wọ́n sì máa la àwọn ará ìlú lọ́yẹ̀ nípa àbájáde rírú òfin kónílé-ó-gbélé. Èyí bọ́gbọ́n mu.

Àwọn kan ní eré lásán ni. Lóòótọ́, bí kò bá sí ẹni tó ń kọ orúkọ sílẹ̀ lójoojúmọ́, ẹlẹ́bi á fi owó dí alábòójútó lẹ́nu, á lọ sùn. Àbùkù alábòójútó nìyẹn, kì í ṣe ti ìdájọ́. Kí ìjọba fi òṣìṣẹ́ tó ṣeé fọkàn tán sí ibùdó iṣẹ́ ìlú tí òfin là sílẹ̀.

Àwa oníkéú kò gbọdọ̀ ka ọ̀rọ̀ yìí sí àjèjì. Lẹ́yìn ogun Badr, ní ọdún kejì Hijira, àwọn òǹdè kan kò rí owó ìràpadà san. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní kí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ ní ìwé kíkọ, kí wọ́n fi gba ara wọn sílẹ̀. Òǹdè ogun ni wọ́n, wọn kì í ṣe ọ̀daràn kóòtù. Ṣùgbọ́n a rí i pé ẹni tí kò lówó ṣì ní ohun tó lè fi ṣe ìlú láǹfààní.

Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, à á fi òsì fà á mọ́ra. Kí Ọlọ́hun fún àwọn adájọ́ wa ní òye láti lo ọwọ́ méjèèjì. Àmín.