Káàdì Gráfíìkì Tó Ń Ba Iṣẹ́ Jẹ́ ní Logan Town

Ọmọ àbúrò ìyá mi kan wà ní Logan Town, ní Bushrod Island nílùú Monrovia. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré tó ti ń tẹ̀wé fáwọn èèyàn, tó sì ń ṣe fídíò ìgbéyàwó. Lálẹ́ ọjọ́ kan báyìí ló pè mí: "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ gbà mí o. Ìyàwó mi ní òun máa yọ wáyà kọ̀ǹpútà yìí."

Ohun tó dá ìjà sílẹ̀ kò ju pé ó yọ̀ǹda kọ̀ǹpútà rẹ̀ fún Folding@home. Ẹ̀yin tẹ́ ò gbọ́ nípa rẹ̀ rí, Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún 2000. Ìṣirò tí kọ̀ǹpútà kan ò lè dá ṣe tán ni wọ́n ń gé sí wẹ́wẹ́, tí wọ́n á pín in fáwọn tó bá yọ̀ǹda kọ̀ǹpútà wọn kárí ayé, bí ìgbà tí wọ́n bẹ èèyàn lọ́wẹ̀ ní oko. Ohun tí wọ́n ń wò ni bí àwọn purotéènì ṣe ń ká, tí wọ́n ń nà, kí wọ́n lè rí ibi tí oògùn á ti rí ọwọ́ mú. Ọ̀kan lára purotéènì tí wọ́n ti fi ọ̀nà yìí yẹ̀ wò ni VP35, tó jẹ́ ti kòkòrò àrùn Ebola.

Ibi tọ́rọ̀ náà ti kan àbúrò mi nìyẹn. Ó lé ní 4,800 èèyàn tí Ebola pa ní Liberia. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ní May 9, 2015 pé àrùn náà ti kásẹ̀ nílẹ̀ níbẹ̀, ìyá tó gbà á sílé nígbà tó kọ́kọ́ dé Monrovia kò sí láyé mọ́ láti gbọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ náà kò jẹ̀bi. Nínú iṣẹ́ mẹ́wàá tí káàdì gráfíìkì náà gbà, mẹ́sàn-án ló bàjẹ́ lọ́nà, bẹ́ẹ̀ epo ni wọ́n ń rà sí jẹnẹrétọ̀. Ó ní owó ilé ìwé àwọn ọmọ ló ń jóná yẹn. Kí lèmi fẹ́ sọ sí i?

Nígbà tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, káàdì náà ò tiẹ̀ gba iṣẹ́ rárá. Dráífà ló fà á. Kì í ṣe dráífà ọkọ̀ o, ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà gbọ́ èdè káàdì ni. Èyí tí Windows fi síbẹ̀ fúnra rẹ̀ lè gbé àwòrán jáde, àmọ́ kò ní OpenCL tí ìṣirò nílò nínú. A lọ gba dráífà tòótọ́ látọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe káàdì, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀. Àṣé wàhálà ṣì ń bọ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí, mo ní kó má tíì pa ohunkóhun rẹ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn, bí nǹkan bá ti bàjẹ́ báyìí, wọ́n á yọ gbogbo ètò kúrò, wọ́n á tún un gbé wọlé, àkọsílẹ̀ tí ètò náà kọ sílẹ̀ á sì bá a lọ. Ó kà á fún mi. Iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ dáadáa, lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, ìṣirò á di ohun tí kì í ṣe nọ́ńbà mọ́, á sì dáwọ́ dúró. Mo bi í pé báwo ni káàdì náà ṣe ń gbóná tó. Ó ní 91. Ó ṣí i, eruku ti di fáànù rẹ̀ pa bí òwú. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbọ̀n ọ́n, ó sún kọ̀ǹpútà kúrò lára ògiri, ó bọ́ sí 74. Síbẹ̀, ìdajì iṣẹ́ ṣì ń bàjẹ́.

"Ṣùgbọ́n Bọ̀ọ̀dá, fídíò mi ń jáde dáadáa!"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló là mí lójú. Bí àmì kékeré kan bá ṣàṣìṣe nínú fídíò, aṣọ ìyàwó ṣì máa funfun, ta ló máa rí i? Ṣùgbọ́n nínú ìṣirò, àṣìṣe ìṣísẹ̀ yìí ni ìṣísẹ̀ tó kàn á gbé, á máa ga sí i títí gbogbo rẹ̀ á fi wó. Tòkunbọ̀ ni káàdì náà. Ẹni tó kọ́kọ́ lò ó ti tì í kọjá ìwọ̀n eré tí wọ́n ṣe é fún. A dá eré rẹ̀ padà sí ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí ìwé rẹ̀, a tún dín in díẹ̀ sí i. Iṣẹ́ mẹ́ta tẹ̀ lé ara wọn, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé.

Ó bi mí bóyá àwọn tó bàjẹ́ ti ba nǹkan jẹ́ fún àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Rárá o. Ẹlòmíì ni wọ́n á tún gbé e fún, àfi pé ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ náà ti sọ tirẹ̀: bí iná LEC bá wà, kó ṣe é, bí wọ́n bá ti tan jẹnẹrétọ̀, kó pa á. Mo fara mọ́ ọn. Ètò náà ń fi ibi tó bá iṣẹ́ dé pa mọ́ látìgbàdégbà, bí iná bá lọ, kò ní bẹ̀rẹ̀ láti òdo.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, iṣẹ́ kẹrin ti dé ìdá 62 nínú ọgọ́rùn-ún, iná ò sì tíì lọ.