Oòrùn Illoulofin àti iná alẹ́ wa

Láti ọdún 2007 ni wáyà ńlá ti so Sakété mọ́ Ikeja West ní Èkó. Bí iná bá wó lọ́hùn-ún, àwa náà a máa mọ̀ ọ́n lára níhìn-ín. Ní ọdún 2022 ni a ṣí ilé-iṣẹ́ Defissol ní Illoulofin, ní àgbègbè Pobè, tí ó ń fa iná lára oòrùn. Agbára rẹ̀ tó mẹ́gáwáàtì 25.

Oòrùn kì í béèrè owó epo, kì í sì í rú èéfín. Ṣùgbọ́n ìgbà tí a ń wá iná jù, tí àwọn ọmọ ṣí ìwé, tí aránṣọ ń parí aṣọ ọdún, oòrùn ti wọ̀. Bátìrì tí yóò tọ́jú iná ọ̀sán di alẹ́ sì wọ́n. Ọyẹ́ náà a máa da eruku bo pánẹ́ẹ̀lì. Ẹni tí ó bá gbé e sórí òrùlé, kí ó má gbàgbé omi àti àkísà.

Àwọn ìyá wa tí ń fún epo pupa kò tilẹ̀ dúró de oòrùn: èésan àti ìháhá ẹyìn ni wọ́n fi ń dáná. Èéfín rẹ̀ ń ta wọ́n lójú, àmọ́ òru kì í pa á.