Káńfọ̀ Inú Àpótí àti Ọmọ tí Ń Bọ̀

Nígbà tí oyún bá ti wọ oṣù keje tàbí ìkẹjọ, ilé a bẹ̀rẹ̀ sí yí àwọ̀ padà. Bí ó ti rí ní Ojówò àti Atíkòrí ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni ó rí ní Àgọ́-Ìwòyè, bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì rí ní Àbígí àti Ìwópin létí ọ̀sà. Bàbá ọmọ yóò ra ọpọ́n ìwẹ̀ titun, yóò kun yàrá ní ọ̀dà. Ìyá ìyàwó yóò di ẹrù rẹ̀, yóò máa retí kí a ránṣẹ́ pè é. Inú wa a máa dùn láti rí irú ìpèsè bẹ́ẹ̀, nítorí pé àlejò tí ń bọ̀ náà kì í ṣe àlejò kékeré. Ṣùgbọ́n ohun tí a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe nípa ohun tí a ó rà wọlé, bí kò ṣe nípa ohun tí ó yẹ kí a kọ́ kó jáde. Ṣáájú gbogbo rẹ̀, káńfọ̀ ni a ní lọ́kàn.

Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Àwọn hóró funfun roboto ni, tí a ń fi sí àárín aṣọ kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Àwa Ìjẹ̀bú fẹ́ràn aṣọ, a kò sì fi ọ̀wọ́ kékeré mú aṣọ àtijọ́. Àpótí ìyá àgbà tí a kò bá káńfọ̀ nínú rẹ̀ kò wọ́pọ̀. Òórùn rẹ̀ nìkan ti tó láti mú ni rántí ọdún àti ìnáwó. A kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí èyí. Àmọ́ nígbà tí ọmọ bá dé, inú àpótí kan náà ni a ti ń mú aṣọ tí a fi gba ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jáde, àti ògbólógbòó àdìrẹ tí ó ti rọ̀ dẹ̀dẹ̀, èyí tí gbogbo ìyá mọ̀ pé ó dára fún ara ọmọ ju aṣọ titun lọ. Níbẹ̀ ni ewu wà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàlàyé ọ̀ràn náà bí ó ti rí. Ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn tí àwọn oníṣègùn ń pè ní G6PD. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dáàbò bo àwọn hóró pupa inú ẹ̀jẹ̀, kí wọn má baà fọ́ nígbà tí ohun líle bá kọlù wọ́n. Àwọn kan wà tí a bí tí ohun yìí kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe àbùkù. Àjogúnbá ni, ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọkùnrin sì ti ń jogún rẹ̀. Láàrín àwa Yorùbá, nǹkan bí ọmọkùnrin kan nínú márùn-ún ni ó rí bẹ́ẹ̀; ti àwọn ọmọbìnrin kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò yọ wọ́n sílẹ̀. Àwọn onímọ̀ wí pé ibà ni ó fà á tí ó fi pọ̀ ní ilẹ̀ wa, nítorí pé ó máa ń fún ni ní ààbò díẹ̀ lọ́wọ́ ibà líle. Ohun tí ó dáàbò bo àwọn baba ńlá wa ni ó wá di ewu fún ọmọ ọwọ́ nínú aṣọ tí a fi wé e.

Káńfọ̀ kì í dúró nínú àpótí. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń yọ́ sínú afẹ́fẹ́, èyí ni òórùn tí à ń gbọ́, ó sì ń wọ inú aṣọ lọ. Ọmọ a máa fà á símú. Awọ ara rẹ̀ tí ó fẹ́lẹ́ a sì máa fà á mu, pàápàá bí a bá ti fi àdí tàbí òróró pa á lára. Bí ọmọ náà bá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí a wí yìí, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí fọ́, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò sì tíì lágbára tó láti kó ìdọ̀tí ẹ̀jẹ̀ náà kúrò. Ojú rẹ̀ a wá pọ́n bí ìyeyè, èyí tí à ń pè ní ibà pọ́njú. Bí ó bá pọ̀ jù, a wọ inú ọpọlọ lọ. Ó lè pa ọmọ. Èyí tí ó bá yè lè di adití, tàbí kí ọrùn àti ẹsẹ̀ rẹ̀ le gbagidi, kí ó má lè jókòó tàbí rìn títí ayé. Nígbà náà ni a ó máa wádìí kiri pé ta ni ó ṣe é. A ti gbọ́ orúkọ orogún àti ti ìyá ọkọ nínú irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. A kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀sùn kan àpótí.

Kì í sì í ṣe ọ̀ràn tiwa nìkan. Ní ọdún 1963 àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Gíríìsì kọ ìròyìn nípa ọmọ tuntun 21 tí ẹ̀jẹ̀ wọn fọ́ nítorí òórùn káńfọ̀ tí wọn fà símú.

Kí ni ṣíṣe? Láti oṣù keje ni kí ẹ ti tú àpótí. Kí ẹ kó káńfọ̀ kúrò, kì í ṣe láàrín aṣọ ọmọ nìkan, bí kò ṣe nínú gbogbo yàrá tí ìyá àti ọmọ yóò máa sùn. Aṣọ tí ẹ bá fẹ́ lò fún ọmọ, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kí ẹ sì sá a sí oòrùn àti afẹ́fẹ́ fún ọjọ́ púpọ̀, títí òórùn náà yóò fi tán pátápátá. Ẹni tí ó ni àpótí kọ́ ni kí ó gbóòórùn rẹ̀ wò, nítorí imú rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n lára. Ẹ pe ọmọ aládùúgbò. Aṣọ tí ó bá ṣì ń rùn, ẹ dá a padà fún àgbà. Bákan náà ni kí ẹ jìnnà sí àwọn ìpara olóòórùn líle tí à ń fi pa àyà ọmọ nítorí òtútù.

Èyí tí ó ṣòro jù lọ ni ti ìyá àgbà fúnra rẹ̀. Yóò dé pẹ̀lú ìró tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú àpótí, ìró náà ni yóò sì fi pọn ọmọ. Ta ni yóò sọ fún un? Ní ti àwa, kí ọkọ bá ìyá tirẹ̀ sọ, kí ìyàwó sì bá ìyá tirẹ̀ sọ, kí ó tó kúrò nílé, lórí fóònù bí ó bá ṣeé ṣe: “Ìyá mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa sá aṣọ tí ẹ ó kó wá, ẹ má fi káńfọ̀ sí i; àwọn nọ́ọ̀sì ni wọ́n wí bẹ́ẹ̀.” Ẹ di ọ̀rọ̀ náà ru nọ́ọ̀sì. Kò ní wúwo fún un.

Ohun tí ó kù kò gùn. Kí aboyún ti gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì rẹ̀ pé. Kí nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn wà lórí ibùsùn, pàápàá fún ẹ̀yin ará etí omi. Kí a má ṣe dáná igi nítòsí yàrá ọmọ. Ìdodo kò fẹ́ ìgbẹ́ màlúù tàbí òróró kankan. Oògùn chlorhexidine tí a ń fún ni ní ilé ìtọ́jú ti tó o, kí a sì ṣọ́ra gidigidi kí ó má baà kan ojú ọmọ.

Síbẹ̀ ibà pọ́njú lè wá láìsí káńfọ̀. Àṣà ká máa tọ́jú ọmọ sínú yàrá dúdú a máa bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ ṣí fèrèsé lójoojúmọ́; ẹ wo ẹyinjú ọmọ, ẹ fi ìka tẹ imú rẹ̀ kí ẹ wo àwọ̀ tí ó wà níbẹ̀, ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ojú bá pọ́n ní ọjọ́ kìn-ín-ní gan-an, tàbí tí àwọ̀ náà dé àtẹ́lẹsẹ̀, tàbí tí ọmọ kò mu ọmú mọ́, tí ó ń sùn ṣáá, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà. Omi ìbẹ́pẹ kò ràn án, omi glúkóòsì kò ràn án. Oòrùn òwúrọ̀ tí à ń gbé ọmọ sí kò tó pẹ̀lú. Lóòótọ́ àwọn oníṣègùn fi oòrùn wo ibà pọ́njú ní Ilé-ìwòsàn Ìbímọ Island ní Èkó, tí wọ́n sì kéde àbájáde rẹ̀ ní 2015. Ṣùgbọ́n abẹ́ àtíbàbà tí ń sẹ́ ìtànṣán búburú kúrò ni, nọ́ọ̀sì sì ń ṣọ́ ọmọ. Ìmọ́lẹ̀ búlúù ni ilé ìwòsàn ń lò. Bí ọ̀ràn bá le, wọn a pàrọ̀ ẹ̀jẹ̀ ọmọ.

Nítorí náà, kí a tó bí ọmọ ni kí a ti mọ ọ̀nà. Àgọ́-Ìwòyè ni yunifásítì Olábísí Onábánjọ wà, ṣùgbọ́n ilé-ìwòsàn ńlá rẹ̀ wà ní Ṣàgámù. Ti ìjọba wà ní Ìjẹ̀bú-Òde pẹ̀lú. Fún ará Ìjẹ̀bú-Igbó, ọ̀ràn mọ́tò ni. Fún ẹni tí ó wà létí ọ̀sà ní Màkún-Omi tàbí Òde-Omi, ọkọ̀ ojú omi lè ṣáájú mọ́tò, kò sì sí ẹni tí í wá ọlọ́kọ̀ kiri ní òru pẹ̀lú ọmọ ọlọ́jọ́ mẹ́ta lápá. Ẹ bá ọlọ́kọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì sọ̀rọ̀ ṣáájú, kí bẹntiróòlù wà lọ́wọ́ rẹ̀; ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sára ògiri tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ní ọ̀dà yẹn, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni méjì tí yóò lè fún ọmọ ní ẹ̀jẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀.