Ìwé Ẹ̀rí Tí Ń Jẹ́rìí Èké

A kò gbọdọ̀ dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí mọ́. Ìwé ẹ̀rí ni à ń pe ìwé tí ilé ẹ̀kọ́ ń fi lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jẹ́rìí pé ẹni tí ó ni ín jókòó, ó kọ́, ó sì mọ̀. Ẹ̀rí èké ni púpọ̀ nínú wọn ń jẹ́ lónìí.

Àrùn náà ti pẹ́ lára wa. Ní Èkó, ó ti pẹ́ tí orúkọ àdúgbò Olúwọlé ti di orúkọ tí ará ìlú ń pe ìwé ayédèrú gbogbo, ìbáà ṣe ti ìrìnnà, ìbáà ṣe ti yunifásítì. Ní ọdún 1999, orúkọ Toronto dara pọ̀ mọ́ ọn, nígbà tí àṣírí tú pé Alhaji Salisu Buhari, Olórí Ilé Aṣojú-ṣòfin ní Àbújá, kò gba oyè kankan ní Yunifásítì Toronto tí ó fi ń yangàn, bẹ́ẹ̀ ni kò sì tí ì pé ọmọ 30 ọdún tí òfin béèrè nígbà náà. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òtítọ́ bá a. Kí ni a wá ṣe nígbà tí ó bá a tán? Ọkùnrin náà fi ipò sílẹ̀, ilé ẹjọ́ sì dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2000 Ààrẹ Ọbásanjọ́ dárí jì í, nígbà tí ó sì di ọdún 2013, ìjọba àpapọ̀ fi í sínú ìgbìmọ̀ alákòóso Yunifásítì Nàìjíríà, Nsukka. Nínú gbogbo ibi iṣẹ́ ìjọba, yunifásítì ni wọ́n rí fi í sí!

Ẹ̀kọ́ tí àwọn ọ̀dọ́ rí kọ́ nínú èyí kò ṣòro láti mọ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, akọ̀ròyìn kan fi hàn bí òun ti gba oyè ọdún mẹ́rin láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Kùtọnu. Wọ́n tilẹ̀ gbà á sí ẹgbẹ́ agùnbánirọ̀. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, ìjọba Nàìjíríà dá gbígba ìwé oyè láti Olómìnira Benin àti Tógò dúró. Ní oṣù Kẹjọ, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ sọ pé àwọn tí ó gba ìwé ayédèrú níbẹ̀ ju 22,000 lọ. Ẹni tí àánú rẹ̀ ṣe wá jù ni ọmọ tí ó fi ọdún mẹ́rin jókòó ní kíláàsì ní Kùtọnu tàbí ní Lomé, tí àwọn òbí rẹ̀ ta ilẹ̀ nítorí rẹ̀. Òtítọ́ ni ìwé tirẹ̀ ń sọ, ṣùgbọ́n ojú olè ni agbanisíṣẹ́ fi ń wò ó.

Ẹ jẹ́ kí a má ṣe di gbogbo ẹ̀bi ru àwọn tí ń tẹ ìwé náà. Ọjà tí kò ní oníbàárà kì í pẹ́ tú. Òbí tí ó sanwó kí olùṣọ́ ìdánwò lè gbójú kúrò nígbà tí ọmọ rẹ̀ ń ṣe ìdánwò WAEC, oníbàárà Olúwọlé ni ó ń tọ́. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin náà ni à ń bá wí. A mọ̀ pé owó oṣù kò tó. A mọ̀ pé ọ̀gá ilé ìwé mìíràn ń fẹ́ kí gbogbo ọmọ yege kí orúkọ ilé ìwé lè dùn lẹ́nu ará ìlú. Síbẹ̀, olùkọ́ tí ó bá kọ ìdáhùn sí ojú pátákó ní ọjọ́ ìdánwò ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé ẹ̀kọ́ tí òun ti ń kọ́ wọn láti oṣù Kẹsàn-án kò já mọ́ nǹkankan.

Ó wá ku àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú, èyí tí a fẹ́ràn àti èyí tí a kò fẹ́ràn. Òfin Ìpìlẹ̀ ọdún 1999 ti yọ ẹni tí ó bá fi ìwé ẹ̀rí ayédèrú lé àjọ INEC lọ́wọ́ kúrò nínú àwọn tí a lè dìbò yàn. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejì ọdún 2020, tí ó ku ọ̀la kí a búra fún gómìnà tuntun ní Bayelsa, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fagi lé ìbò tí ẹgbẹ́ APC ti jẹ, nítorí pé olùdíje fún ipò igbákejì gómìnà fi ọ̀rọ̀ èké fún INEC, orúkọ inú àwọn ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kò sì bára mu. Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tí ó tò nínú oòrùn láti dìbò, asán ni làálàá wọn já sí.

Ohun tí a ń béèrè kò le. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ̀wé sí ilé ẹ̀kọ́ tí olùdíje bá dárúkọ, kí wọ́n sì fi èsì náà síta fún ará ìlú kí ìdìbò abẹ́lé tó wáyé. Bí èsì bá dé tí kò dára, kí wọ́n fa ẹlòmíràn kalẹ̀.