Wáyà Kẹ̀kẹ́ àti Àkọ̀ Rẹ̀: Orúkọ Kan Kò Tó

Nínú ìtumọ̀ ìtàn, àṣìlò ọ̀rọ̀ lè dín adùn kù. Nínú ìwé tí ń kọ́ni bí a ti ń tún kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe, àṣìlò ọ̀rọ̀ lè ṣe ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́ náà léṣe. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀-ìperí fún wáyà jíà àti ohun tí ó bò ó fi yẹ ní àgbéyẹ̀wò.

Lára ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ olójíà, wáyà tín-ínrín ni ó so ọwọ́ jíà mọ́ apá tí ń ti ṣéènì láti orí eyín kan bọ́ sí orí òmíràn. Inú ọ̀pá rírọ̀ kan ni wáyà náà ti ń lọ tí ó ń bọ̀. Onítumọ̀ tí ó bá tẹ̀lé Gẹ̀ẹ́sì ní tààràtà yóò pe ọ̀pá yìí ní 'ilé'. Ṣùgbọ́n Yorùbá ti ní 'àkọ̀'. Òwe tí ó sọ pé idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́, ti fi hàn pé àkọ̀ ni ilé ohun tí ń wọlé tí ó sì ń jáde. 'Àkọ̀ wáyà' ni ó yẹ.

Síbẹ̀, iṣẹ́ kò tíì parí. Oríṣi àkọ̀ méjì ni ó wọ́pọ̀. Nínú ti ìjánu, irin pẹlẹbẹ ni a lọ́ yíká yíká láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nínú ti jíà, irin wẹ́wẹ́ ni a tò ní gbọọrọ, tí a sì fi ike bò. Ní 1984 ni ilé-iṣẹ́ Shimano ti ilẹ̀ Jàpáàn gbé jíà SIS jáde, nínú èyí tí ìró ọwọ́ jíà kọ̀ọ̀kan ń fa ìwọ̀n wáyà kan pàtó. Àkọ̀ onírin lílọ́ a máa sún kì bí a bá fa wáyà inú rẹ̀. Ìwọ̀n náà yóò yẹ̀, ṣéènì kò sì ní dúró sí orí eyín tí ó yẹ. Èyí kò ju ìnira lọ. Òdì kejì rẹ̀ ni ewu: bí a bá fi àkọ̀ jíà sí ìjánu, agbára ọwọ́ lè mú kí irin títò náà ya ike jáde, ìjánu yóò sì kọ̀.

Àwọn kan lè sọ pé kí a fi bí a ti ṣe àkọ̀ sọ ọ́ lórúkọ, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni ó bá ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì mu. Ṣùgbọ́n ike bo méjèèjì. Àfi ẹnu ibi tí a gé ni ojú ti lè rí irin inú. 'Àkọ̀ ìjánu' àti 'àkọ̀ jíà' sàn jù, nítorí pé orúkọ náà fúnra rẹ̀ ń sọ ibi tí a ó fi í sí. Kí àlàyé irin inú wà nínú oríkì ọ̀rọ̀ náà, pẹ̀lú ìwọ̀n tí ó wọ́pọ̀: mìlímítà 4 fún àkọ̀ jíà, mìlímítà 5 fún àkọ̀ ìjánu.

Ọ̀rọ̀ kejì tí ó nílò ìṣọ́ra ni 'epo'. Epo pupa ni epo, epo bẹntiróòlù náà ni epo. Gbólóhùn bí 'fi epo pa wáyà' kò sọ nǹkan kan fún ẹni tí ó mú irinṣẹ́ dání. Bí gírísì bá ki jù, yóò di wáyà jíà mú, yóò sì kó eruku jọ. Ọ̀pọ̀ àkọ̀ òde òní ní ike tí ń yọ̀ nínú, tí kò fẹ́ ju òróró ẹ̀rọ tí ó ṣàn fẹ́ẹ́rẹ́ lọ, tàbí tí kò tilẹ̀ fẹ́ nǹkan kan rárá. Kí onítumọ̀ ya 'òróró ẹ̀rọ' sọ́tọ̀ kúrò lára 'gírísì', kí ó sì sọ bí yóò ti pọ̀ tó.

Ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí Babs Fafunwa darí ní Yunifásítì Ifẹ̀ láti 1970 ti fi hàn pé Yorùbá lè gbé ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ní kíláàsì. Ìdánwò tí ó kù ni ti ibi iṣẹ́. Kí a tó tẹ ọ̀rọ̀-ìperí jáde, kí a gbé oríṣi àkọ̀ méjèèjì síwájú ẹni tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, kí a sì ka ìtumọ̀ náà sí i létí. Bí ó bá mú èyí tí ó tọ́ láìbéèrè, ọ̀rọ̀ náà yege. Bí ó bá béèrè pé èwo ni, kí onítumọ̀ padà sí ìdí iṣẹ́.